Ìfitónilétí Láti Ọ̀dọ̀ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́

Mi ò ní búra fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó gbà á gbọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó sọ ọ́ fún mi wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ ló ṣe, ó sì ti sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mejì láìyí ọ̀rọ̀ kan padà. Obìnrin tó ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe ni. Ẹnjiníà là ń pè é. Kì í ṣe aláròsọ rárá, àfi kó jókòó ti nǹkan tó bàjẹ́ kó máa tú u wò. Ó ti kó kúrò nílé tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ báyìí, kò sì jẹ́ gba ibẹ̀ kọjá mọ́.

Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí, Bàbá Onílẹ́tà lorúkọ tí gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣa lẹ́tà nílé ìfìwéránṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Ojú rẹ̀ mú bí abẹ. Bí o bá lẹ sítáǹpù tí wọ́n ti lò rí mọ́ lẹ́tà, ì báà jẹ́ pé o fi omi wẹ̀ ẹ́ o sì sá a sóòrùn, Bàbá Onílẹ́tà á mú ọ. Ó máa ń fọ́nnu sí i díẹ̀. Á ní, "Lẹ́tà kì í parọ́ fún mi. Ẹni tó kọ ọ́ ló lè parọ́."

Ọmọ kan ṣoṣo ni òun àti ìyàwó rẹ̀ bí. Obìnrin ni. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ga, ni bàbá rẹ̀ fi sọ ọ́ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ní ọdún mẹ́rin ṣáájú ìgbà tí mò ń wí yìí, ọmọ mú ọkùnrin kan wálé. Bàbá ní òun kò fẹ́ ọkùnrin náà. Ọmọ ní òun fẹ́ ẹ. Bàbá ní kó jáde nílé òun, ọmọ sì jáde. Ẹyin lohùn, ẹ kúkú mọ̀. Láti ọjọ́ náà, wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ìyá rẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ariwo. Ó kàn ń rù ni. Nígbà tó di ọdún kẹrin yìí, àrùn rọpárọsẹ̀ gbé e ṣánlẹ̀, apá kan ara rẹ̀ sì kú. Wọ́n lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílé ìwòsàn. Lọ́jọ́ kan, dókítà pe Bàbá sí kọ̀rọ̀, ó ní kó máa gbé e lọ sílé, ó ní ẹni tó bá yẹ kó rí i kó tètè wá. Ẹni tó yẹ kó rí i kò ju ẹnì kan lọ. Láràárọ̀ ni Màmá ń bi ọkọ rẹ̀ pé, "Ó ti dé?" Láràárọ̀ ni ọkọ rẹ̀ ń sọ pé, "Ó ń bọ̀."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Òjò ṣú, kò rọ̀. Afẹ́fẹ́ dúró. Bàbá jókòó sí pálọ̀, ó ń gbọ́ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń mí nínú yàrá. Fóònù rẹ̀ dún, "kíń," bẹ́ẹ̀ ló dún. Fóònù tí kì í dún láti àárọ̀ dalẹ́.

Ímeèlì ni. Ó wá láti ìkànnì tí àwọn ènìyàn ti ń bá ọ̀rẹ́ àti ẹbí pàdé, èyí tí Bàbá forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ nítorí ọmọ rẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀:

*Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Tẹ ibí láti kà á.*

Bàbá dìde dúró. Ó tún jókòó.

"Ta ni?" Màmá béèrè láti inú yàrá.

"Kò sí nǹkan."

"Mo gbọ́ kíń."

"Mo ní kò sí nǹkan, ìyá."

Ẹ̀yin ì bá tẹ̀ ẹ́. Èmi náà ì bá tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kì í kúrò lára ènìyàn bọ̀rọ̀. Bàbá fi ìka méjì mú fóònù náà létí, bí ẹni mú àpò lẹ́tà tí kò dá lójú, ó sì lọ kan ilẹ̀kùn Ẹnjiníà tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Bàbá. Kí ló dé báyìí?"

"Bá mi wo nǹkan yìí. Ṣé ojúlówó ni?"

Ẹnjiníà kà á. Ó mọ ẹni tó ń jẹ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́; ta ni kò mọ̀ nínú ilé yẹn? Ó rọra gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ ò tíì tẹ̀ ẹ́?"

"Rárá o."

"Ẹ kú ọgbọ́n. Ẹ ti kọ ọ́ sórí ìkànnì yẹn rí pé ẹ ń wá a?"

"Ojoojúmọ́ ni mò ń kọ ọ́."

Ẹnjiníà mí kanlẹ̀. "Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí nìyẹn. Àwọn gbájúẹ̀ máa ń ka irú ìkéde bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń wá ọmọ ni wọ́n ń wá."

Wọ́n jọ lọ jókòó sí pálọ̀ Bàbá kí etí wọn lè wà lọ́dọ̀ aláìsàn. Ẹnjiníà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ímeèlì náà wò. Ó ka àdírẹ́sì tó ti wá ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka tọ́ ọ, nítorí gbájúẹ̀ lè fi òdo rọ́pò lẹ́tà kan kí ojú fò ó. Kò sí òdo kankan. Ó wò ó bóyá wọ́n dárúkọ Bàbá àbí wọ́n kàn kí i ní "oníbàárà wa." Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ó pé. Wọn kò béèrè páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Wọn kò lé e léré pé bí kò bá tètè ṣe é, wọ́n á ti ojú ewé rẹ̀ pa. Ẹnjiníà wá fi ìka lé ibi tí wọ́n ní kí wọ́n tẹ̀, ó dì í mú láìtẹ̀ ẹ́ tán, ibi tó ń lọ sì hàn. Ìkànnì náà gan-an ni.

"Òun ni!" Bàbá fò dìde. "Olúwa ṣeun! Òun ni!"

"Ẹ ṣe sùúrù, Bàbá. Ó ku ẹyọ kan, òun ló sì tóbi jù. Ẹ má gba ohun tí ímeèlì bá sọ gbọ́. Ẹnu ọ̀nà iwájú ni kí ẹ gbà wọlé. Bó bá jẹ́ lóòótọ́ ló kọ̀wé, inú ìkànnì fúnra rẹ̀ la ó ti bá a."

Wọ́n ṣí ìkànnì náà, láìfọwọ́ kan ímeèlì. Wọ́n wo ibi tí ọ̀rọ̀ máa ń wọlé sí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n lọ sójú ewé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Bó ṣe wà láti ọdún mẹ́rin náà ló wà, àwòrán kan náà, ẹ̀rín kan náà.

Ẹnjiníà kò lè wo ojú rẹ̀. "Ayédèrú ni, Bàbá. Ẹ má bínú."

Bàbá ń wo ẹ̀rín náà. Aago ara ògiri ń ró. Nígbà tó máa lanu, ohùn rẹ̀ ti yí.

"Tún un wò."

"Bàbá..."

"Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, ọmọ mi. Ìyàwó mi ń kú lọ nínú yàrá yẹn. Tún un wò."

Nǹkan kan ṣì kù tí Ẹnjiníà lè ṣe. Ó ní ímeèlì ní ẹ̀yìn, bí àpò lẹ́tà ṣe ní ẹ̀yìn. Ibùdó kọ̀ọ̀kan tó bá gbà kọjá ló ń tẹ òǹtẹ̀ tirẹ̀ sí i, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, èyí tó kẹ́yìn a sì wà lókè. Ara Bàbá yá díẹ̀. Ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ ni. Ẹnjiníà tú ẹ̀yìn ímeèlì náà síta. Òǹtẹ̀ mẹ́fà. Ó yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ̀ fà ro.

"Ojúlówó ni," ó wí. "Mi ò mọ bó ṣe jẹ́. Kò sẹ́ni tó lè ṣe ayédèrú òǹtẹ̀ ìkànnì náà, òun ló sì wà níbí. Ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé."

"Méje ni," Bàbá wí.

"Mẹ́fà ni, Bàbá."

"Kà á."

Ẹnjiníà kà á. Méje ni. Ó rò pé òun ló ṣìṣe. Ó tún un kà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó ń fi ìka tò ó. Nígbà tó dé òkè, mẹ́jọ ni. Wákàtí tó wà lára ìkẹjọ ni wákàtí tí wọ́n wà nínú rẹ̀ gan-an.

 Ẹnjiníà ní òun kò mọ ìgbà tí aago ara ògiri dúró, òun kàn ṣàkíyèsí pé òun kò gbọ́ ọ mọ́.

"Ṣé ó ti dé?" Bàbá béèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ó ti dé tipẹ́. Ọwọ́ yín ló wà."

"Kí ló dé tí wọ́n ṣì ń lu òǹtẹ̀ fún un?"

"Èmi ni kí n bi yín. Níbi iṣẹ́ yín, ìgbà wo lẹ máa ń lu òǹtẹ̀ fún lẹ́tà tó ti dé?"

Bàbá yí ojú sí yàrá ìyàwó rẹ̀.

"Ìgbà kan péré ni. Bí ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí kò bá gbé ibẹ̀ mọ́."

Láti inú yàrá, Màmá pe ọkọ rẹ̀. Ohùn náà kò lágbára. "Ṣé òun ni?"

Kí Ẹnjiníà tó wí pé kí ló dé, Bàbá ti tẹ ibi tí wọ́n ní kí ó tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ṣí. Ó kà báyìí:

*Ìwọ tí ò ń fi orúkọ bàbá mi kọ̀wé sí mi lójoojúmọ́, mo bẹ̀ ọ́, fi mí sílẹ̀. Bàbá mi ti kú. Ìyá mi ti kú. Jẹ́ kí wọ́n sinmi.*

Bàbá kà á lẹ́ẹ̀mẹta. "Ìwọ" yẹn ló kọ́kọ́ dùn ún. Gbogbo ìjà tí wọ́n jà, ọmọ yẹn kò sọ "ìwọ" sí i rí. Ó fi ìka kan tẹ èsì:

*Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, èmi ni. A kò kú. Ìyá rẹ wà nínú yàrá.*

Èsì dé kíá. *Orúkọ yẹn wà lójú ewé mi. Ẹnikẹ́ni ló lè kà á.*

*Ta ló sọ fún ọ pé a kú?*

Èyí pẹ́ kó tó wá. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo fóònù bí ẹni wo omi tó wà lórí iná.

*Mo kọ lẹ́tà sí wọn lọ́dún tí mo kúrò nílé. Wọ́n dá a padà. Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i pé Ó TI KÚ. Mo wálé. Ẹlòmíràn ló ń gbé ilé wa. Wọ́n mú mi lọ síbi ibojì méjèèjì. Mo fọwọ́ mi kàn án.*

Bàbá kígbe. Ẹnjiníà ní kì í ṣe igbe ńlá, ó dà bí ìgbà tí nǹkan gún ènìyàn lábẹ́ ẹsẹ̀. Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí ló sọ fún un nígbà náà, ó sì sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ má bàa gbọ́.

Ó ní lọ́dún yẹn, ìdí àwọn lẹ́tà tí wọ́n ń dá padà ni wọ́n fi òun sí. Òǹtẹ̀ rọ́bà mẹ́ta ló wà lórí tábìlì, igi dúdú kan náà ni ọwọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: *Kò sí níbẹ̀. Ó ti kó lọ. Ó ti kú.* Ẹni tí iṣẹ́ bá ti mọ́ lọ́wọ́ kì í ka orúkọ. Igun sítáǹpù nìkan ló ń wò. Bí sítáǹpù bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti lò rí, ó di ìdápadà nìyẹn, á lu òǹtẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ bà, á jù ú sápò. Lọ́jọ́ kan báyìí, ó ti ṣe bí igba, wọ́n ti so ẹnu àpò, wọ́n ti fi èdìdì òjé dì í, ló tó rántí pé ọwọ́ ìkọ̀wé kan kọjá níwájú òun tó fẹ̀gbẹ́ sẹ́yìn bí ti ẹni tó ń lo ọwọ́ òsì. Ọwọ́ òsì ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń lò. Àpò tí wọ́n bá ti fi òjé dì, wọn kì í tú u. Yóò ní láti lọ bá ọ̀gá, yóò ní láti sọ pé òun kò wo orúkọ. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kì í ṣe ti ọmọ òun. Àpò lọ.

"Mi ò mọ èyí tí mo gbé lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta," ó ní. "Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń gbìyànjú láti rántí."

"Bàbá, òǹtẹ̀ kì í pa ènìyàn," Ẹnjiníà wí. "Ilé yìí náà lẹ ṣì ń gbé. Ta ló wá bá níbí? Ibojì ta ló rí? Ẹ jẹ́ ká ya àwòrán yín ránṣẹ́ sí i."

Ó ya Bàbá lórí àga. Ó wọ yàrá, ó ya Màmá lórí ibùsùn. Ìyá náà tiẹ̀ gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Àwòrán méjèèjì mọ́ kedere lójú fóònù. Wọ́n fi ránṣẹ́.

*Kí ni mo fẹ́ fi àga òfìfo ṣe?* Èsì wá bẹ́ẹ̀. *Kí ni mo fẹ́ fi ibùsùn òfìfo ṣe? Ìkà ni ọ́.*

"Ẹ jẹ́ ká pè é," Ẹnjiníà wí. Ó tẹ ibi ìpè lójú ìkànnì náà. "Ohùn kì í ṣe àwòrán."

Ó dún lẹ́ẹ̀kan. Ó dún lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n gbé e.

Omi ẹ̀rọ ń dà níbi tí ẹni náà wà. Àwo ń kan àwo. Ohùn obìnrin kan sì wí pé, "Hẹ̀lóò?"

Ohùn rẹ̀ ni. Ọmọ tí ènìyàn fúnra rẹ̀ bí, ta ni kò ní mọ ohùn rẹ̀?

"Èmi ni!" Bàbá ń sunkún. "Ọmọ mi, bàbá rẹ ni! Má bínú! Dárí jì mí!"

"Hẹ̀lóò? Ta nìyẹn?"

"Bàbá rẹ ni! Ìyá rẹ ń wá ọ!"

"Hẹ̀lóò?"

Mo bi Ẹnjiníà pé kí ló dé tí òun náà kò dá sí i. Ó wò mí. Ó ní òun dá sí i. Ó ní òun pariwo títí ọ̀fun òun fi gbẹ.

Ọmọdé kan sọ̀rọ̀ níbẹ̀, nítòsí fóònù. "Màmá, ta ni?"

"Kò sí ẹnì kankan, ọkọ mi."

Fóònù kú. Nígbà tí wọ́n tún pè é, kò lọ. Nígbà tí wọ́n wá ojú ewé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, wọn kò rí i mọ́. Ó ti dí ọ̀nà mọ́ wọn.

Ẹnjiníà ń wá ohun tí yóò sọ. Ohun tó rò lọ́kàn ni pé gbájúẹ̀ kì í lé ènìyàn lọ. Fífà ni wọ́n ń fani mọ́ra, kí wọ́n lè gba nǹkan. Èyí kò gba nǹkan kan, kò béèrè nǹkan kan. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Ẹ wá sọ fún mi," Màmá pè láti inú yàrá. "Mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Kí ló wí?"

Bàbá nu ojú rẹ̀. Ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Ó ti bímọ," ó wí.

"Ṣé lóòótọ́! Akọ àbí abo?"

"Akọ ni. Mo gbọ́ tó ń pè é ní ọkọ mi."

Màmá fi ìlàjì ojú tó kù fún un rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọkọ tèmi náà ni o. Ó káre. Ó káre, ọmọ mi." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọjọ́ wo ló ní àwọn ń bọ̀?"

Fóònù tún dún ní pálọ̀. Kíń.

Ímeèlì mìíràn ni, láti ìkànnì kan náà. Bàbá padà wá kà á lórí ìdúró:

*A bá ẹbí yín kẹ́dùn. Ọmọ olóògbé ti fi tó wa létí pé ẹni tó ni ojú ewé yìí kò sí láyé mọ́. Láti òní lọ, a ó máa tọ́jú ojú ewé náà fún ìrántí rẹ̀.*

Ó na fóònù sí Ẹnjiníà. Kò fi ìka méjì mú un mọ́. Gbogbo àtẹ́lẹwọ́ ló fi gbá a mú.

"Bá mi wò ó dáadáa," ó wí. "Wò ó bí o ṣe wo ti àkọ́kọ́."

Ẹnjiníà wò ó. Ó ka àdírẹ́sì náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Kò sí òdo níbẹ̀. Orúkọ Bàbá pé. Wọn kò béèrè ohunkóhun. Ó gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọ inú ìkànnì lọ, ó wo ojú ewé Bàbá. Wọ́n ti kọ ọ́ sókè àwòrán rẹ̀ pé olóògbé.

"Ọjọ́ wo ni?" Màmá tún béèrè.

 Bàbá tẹjú mọ́ ẹnu Ẹnjiníà.

"Sọ fún mi pé ayédèrú ni," ó ń bẹ̀ ẹ́. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́. Wí fún mi pé ayédèrú ni."